Míkísà Tí Wọ́n Rà ní Ayépé

Ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, ẹni tí a bá kí tí kò dáhùn, ọ̀kan nínú nǹkan méjì ló ń ṣe é: yálà etí rẹ̀ di, tàbí wọn kò kọ́ ọ nílé. Ohun tí Mọ́ṣádé mọ̀ láti kékeré nìyẹn. Nítorí náà, nígbà tó kúnlẹ̀ kí bàbá arúgbó tó jókòó sí ẹnu ọ̀nà ilé kan ní Ayépé, tó ní, "Ẹ káàsán, sà," tí bàbá náà kàn gbé ọwọ́ sókè tó sì rẹ́rìn-ín músẹ́, ó kọ́kọ́ rò pé adití ni. Ó tún kí i. Bàbá tún gbé ọwọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ewúrẹ́ kan ké lẹ́yìnkùlé, kíá ni bàbá yí orí síbẹ̀. Etí rẹ̀ kò di rárá.

Kò sì jọ ẹni tí wọn kò kọ́ nílé. Ó mọ́ tónítóní, wọ́n lọ ṣẹ́ẹ̀tì ọrùn rẹ̀ dáadáa, Bíbélì wà lórí itan rẹ̀. Kí ló wá dé? Láti ìgbà náà ni ara Mọ́ṣádé kò ti balẹ̀ mọ́, ara kì í sì í parọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó gbé wọn débẹ̀. Bọ̀wálé, ọkọ Mọ́ṣádé, tíṣà orin ni ní ilé ẹ̀kọ́ kan ní Ìjẹ̀bú-Òde. Mọ́ṣádé fúnra rẹ̀, ohùn ni Ọlọ́run fún un. Bí Mọ́ṣádé bá gbé orin ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹni tó ń tòògbé á lajú, ẹni tó ń gbéra ga á sorí kọ́. Ohùn yẹn ni wọ́n fi ń polówó ọjà lórí rédíò, òun ni àwọn èèyàn ń wá bẹ̀ pé kó bá wọn kọrin nígbà ayẹyẹ àti nígbà ìsìnkú. Òun ni oko tí ìdílé náà ń ro jẹun. Bó bá lọ, kì í ṣe oúnjẹ nìkan ló lọ. Mọ́ṣádé kò tiẹ̀ mọ ẹni tí òun ìbá tún jẹ́.

Wọ́n wá pinnu pé àwọn náà á ní ibi tí àwọn á ti máa gba orin sílẹ̀ nínú ilé ara wọn. Yàrá méjì tó wà lẹ́yìnkùlé, tí bàbá Bọ̀wálé ń kó èkùrọ́ sí láyé ọjọ́un, ni wọ́n palẹ̀ rẹ̀ mọ́. Wọ́n lẹ fóòmù mọ́ ògiri, wọ́n fi gíláàsì sí àárín yàrá méjèèjì. Gbogbo nǹkan pé, ó ku míkísà, ẹ̀rọ pẹlẹbẹ tí àwọn olórin fi ń po ohùn mọ́ ohùn: ti akọrin, ti dùùrù, ti gìtá, olúkúlùkù ní ọ̀pá kékeré tirẹ̀ tí wọ́n ń tì sókè tì sódò títí gbogbo rẹ̀ á fi bára mu.

Zakariyah, tó ń ta irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ nínú ìlú, ti fi tuntun kan hàn wọ́n, kékeré, tó mọ níwọ̀n.

"Tíṣà, ẹ̀yin, ìyàwó yín, àti dùùrù kan," ni Zakariyah wí. "Kí lẹ fẹ́ fi èyí tó gba odidi ẹgbẹ́ akọrin ṣe? Ta ló ń fi ìkòkò àsè se ẹyin kan ṣoṣo?"

Mọ́ṣádé rẹ́rìn-ín, ó ní òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n Bọ̀wálé ti rí òmíràn lórí fóònù rẹ̀: ńlá, àtijọ́, tí wọ́n fi igi dídán ká etí rẹ̀, irú èyí tí wọ́n fi gba orin sílẹ̀ láyé àwọn bàbá wa. Owó pọ́ọ́kú ni wọ́n sì dá lé e.

"Dádì Tọ̀míwá, ohun tó dára tó báyìí, tó sì pọ́ọ́kú tó báyìí, ó ní ohun tó ń ṣe é," ni Mọ́ṣádé wí.

"Ìwọ náà! Kí ni o kì í fura sí? Ká kọ́kọ́ lọ wò ó ná."

Bí wọ́n ṣe dé Ayépé nìyẹn o.

Orúkọ bàbá náà ni Frederick. Nígbà tó wá lanu sọ̀rọ̀, Mọ́ṣádé rò pé òun ti mọ ìdí tí kò fi jẹ́ kíkí. Bàbá kò ní ohùn. Èémí lásán ló ń jáde lẹ́nu rẹ̀, bí ìgbà tí wọ́n ń gbá ewé gbígbẹ. Èèyàn ní láti sún mọ́ ọn kó tó gbọ́ ohun tó ń wí. Bẹ́ẹ̀, àwòrán ńlá kan wà lára ògiri pálọ̀ rẹ̀: bàbá yìí kan náà nígbà tó ṣì ń ta kébékébé, nínú aṣọ akọrin, ó la ẹnu gbàgà níwájú ẹgbẹ́ akọrin.

"Sà, ẹ̀yin lẹ wà níbẹ̀ yẹn?" ni Bọ̀wálé bi í.

"Tẹ́lẹ̀ rí," ni bàbá sọ wúyẹ́wúyẹ́.

Míkísà náà wà ní yàrá inú, wọ́n fi aṣọ ìtẹ́bùsùn funfun bò ó bí ẹni bo òkú. Bàbá ká aṣọ kúrò. Ojú Bọ̀wálé tàn yẹ̀ẹ̀. Eruku bo gbogbo ara ẹ̀rọ náà, ṣùgbọ́n Mọ́ṣádé rí ohun kan ní igun rẹ̀: ihò kékeré tí wọ́n fi irin wínníwínní bò. Gbogbo ẹ̀rọ ńlá báyẹn ló ní in. Ibẹ̀ ni ẹni tó jókòó sídìí ẹ̀rọ ń gbà bá akọrin tó wà ní yàrá kejì sọ̀rọ̀, tí ohùn rẹ̀ á sì jáde nínú hẹ́dífóònù akọrin. Wọ́n ti fi òwú dí ihò yìí, wọ́n tún lẹ nǹkan mọ́ ọn pa.

"Kí ló dé tí ẹ fi dí i, sà?"

"Eruku."

"Gbogbo ibi tó kù ńkọ́, tí eruku wà yìí?"

 Bàbá ń fi èékánná yọ òwú náà díẹ̀díẹ̀.

"Kí lorúkọ ìyàwó?" ló bi Bọ̀wálé.

"Mọ́ṣádé ni, sà."

"Ọmọ ńkọ́?"

Mọ́ṣádé fi ìgbọ̀nwọ́ gún ọkọ rẹ̀ níhà, ṣùgbọ́n ẹnu Bọ̀wálé ti yá jù. "Ọ̀kan ṣoṣo, sà, obìnrin. Ayọ̀tọ̀míwá. Tọ̀míwá la máa ń pè é."

Bàbá tẹ̀ kọ̀ọ̀kọ̀, ó gbé ẹnu sún mọ́ ihò náà bí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀ sétí ọmọdé. Ó sọ̀rọ̀ sí i. Mọ́ṣádé gbọ́ orúkọ ara rẹ̀. Ó gbọ́ orúkọ ọmọ rẹ̀.

"Mò ń dán an wò ni," ni bàbá wí nígbà tó nàró.

Wáyà ẹ̀rọ náà wà nílẹ̀, ó ká jọ, kò wọnú iná kankan. Kí ni bàbá ń dán wò? Mọ́ṣádé fa apá ọkọ rẹ̀, ó ní kí àwọn máa lọ, ó ní ti Zakariyah tẹ́ òun lọ́rùn. Bọ̀wálé ti ń sanwó. Bàbá arúgbó tó ń mí helehele yẹn ló tún bá wọn gbé ẹ̀rọ náà dé ìdí ọkọ̀, ó ń yára bí ẹni tó ń lé àlejò tí kò fẹ́ kó sùn. Nígbà tí wọ́n dágbére, kò jẹ́ ìdágbére náà.

Ká má parọ́, ẹ̀rọ náà dára. Ìgbà àkọ́kọ́ tí Mọ́ṣádé kọrin sí i, Bọ̀wálé di orí mú, ó ní, "Ha! Gbọ́ ara rẹ!" Ohùn náà jáde rọ̀bọ̀tọ̀, bí oyin tó ń kán sínú àwo. Ṣùgbọ́n Mọ́ṣádé ò yéé fura. Bí ó bá gbọwọ́ lé ẹ̀rọ náà nígbà tí kò síná, ṣe ló ń gbóná lọ́wọ́. Tó bá tẹ̀ sún mọ́ ihò igun yẹn, òórùn kan ń tibẹ̀ jáde, bíi ti ẹnu ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí lójú oorun. Ó ní kí Bọ̀wálé wá gbóòórùn rẹ̀. Bọ̀wálé ní igi àtijọ́ ni.

Nǹkan méjì ni ìyá àgbà tó tọ́ Mọ́ṣádé dàgbà kọ́ ọ nípa ìpè. Èkínní: tí àgbà bá pè ọ́, ìpè kan ṣoṣo ni kó pè, jẹ́ ẹ, kúnlẹ̀, má jẹ́ kó pè ọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Èkejì: tí o bá gbọ́ tí wọ́n pè ọ́, pàápàá ní ọ̀sán gangan tí oòrùn wà ní àtàrí, tí o kò sì rí ẹni tó pè ọ́, pa ẹnu rẹ mọ́. Mọ́ṣádé fi èkínní kọ́ Tọ̀míwá dáadáa. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni, ṣùgbọ́n tí o bá pè é, ìpè kì í tíì tán lẹ́nu rẹ tí eékún rẹ̀ á ti kanlẹ̀: "Mà!" "Sà!" Gbogbo àdúgbò ló ń yìn ín. Èkejì, Mọ́ṣádé kò fi kọ́ ọ. Ó ní ọ̀rọ̀ àwọn ará àtijọ́ ni, àwa ti di ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni. Mọ́ṣádé wà nínú yàrá tí wọ́n lẹ fóòmù sí, hẹ́dífóònù wà létí rẹ̀, ó ń dúró kí Bọ̀wálé fún un ní àmì kó bẹ̀rẹ̀ orin. Kò sí ariwo kankan. Ó ń gbọ́ bí ọkàn ara rẹ̀ ṣe ń lù.

"Mọ́ṣádé."

Ohùn ọkùnrin ni. Ohùn àgbà, tó jinlẹ̀, tó dùn, tó kún fún ìfẹ́. Mọ́ṣádé ti la ẹnu. Eékún rẹ̀ tiẹ̀ ti ń tẹ̀. Ó wá wo inú gíláàsì. Bọ̀wálé kọ ẹ̀yìn sí i, ó ń da omi tútù sí gààrí, ṣíbí wà lẹ́nu rẹ̀. Kò sí ẹlòmíràn ní yàrá náà. Lórí míkísà, iná kéékèèké aláwọ̀ ewé ń ṣẹ́jú, ó ń gòkè, ó ń sọ̀kalẹ̀, bó ṣe máa ń ṣe tí èèyàn bá ń sọ̀rọ̀ sí i.

"Mọ́ṣádé, ọmọ mi. Ṣé o kò gbọ́ ni?"

Ó fi ọwọ́ méjèèjì di ẹnu ara rẹ̀. Ojú ń tì í pé òun ò dá àgbà lóhùn. Ẹ̀rù sì ń bà á dé eegun. Ohùn náà tún pè é lẹ́ẹ̀kan sí i, ó ti ń bínú wàyí, lẹ́yìn náà ó dákẹ́. Mọ́ṣádé já hẹ́dífóònù kúrò lórí, ó sì sá jáde.

Bọ̀wálé rẹ́rìn-ín títí gààrí fi pá a lórí. "Rédíò ni! Àwọn ẹ̀rọ àtijọ́ máa ń gbá rédíò mú. Ẹnì kan ló ń ṣe eré ìtàn níbì kan."

"Ó pe orúkọ mi, Dádì Tọ̀míwá."

"Ìwọ nìkan ni Mọ́ṣádé tó wà nílẹ̀ Ìjẹ̀bú?"

Ó mọ̀ pé òun kọ́ nìkan ni. Síbẹ̀, ní ọjọ́ Sátidé, ó ní òun ń lọ sí Ayépé lọ bá ẹni tó tà á. Ó bẹ ọkọ rẹ̀ pé kó má tan ẹ̀rọ náà títí òun á fi dé. Bọ̀wálé ní òun ò ní tan án. Bó ṣe sọ ọ́ yára kò tẹ́ Mọ́ṣádé lọ́rùn, ṣùgbọ́n ọ̀kadà ti dúró.

Bàbá Frederick wà lẹ́nu ọ̀nà bíi ti ọjọ́sí. Ó rí i lókèèrè, ó dìde, ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ẹni tí wọ́n gbé ọmọ tuntun wá fún.

"Ẹ káàsán, sà," ni Mọ́ṣádé wí.

Gbogbo ojú bàbá ló rọ. Ó tún jókòó pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"Ohùn yín ṣì wà," ló wí wúyẹ́wúyẹ́. "Ṣé kò tíì pè yín ni?"

Mọ́ṣádé fà sẹ́yìn. "Ó ti pè mí. Mi ò dá a lóhùn."

"Ẹ̀yin gbọ́n. Èmi dáhùn. Ìpè kan ṣoṣo ló pè mí, mo ní 'Sà.' Bí wọ́n ṣe kọ́ mi nílé nìyẹn."

"Bàbá, kí ni ẹ gbé fún wa?"

Bàbá wo ilẹ̀. Ó sọ fún un pé ohùn kan ṣoṣo ni ẹ̀rọ náà lè gbé sínú. Ohùn tó bá gbé, òun ló fi ń pe èèyàn. Ẹni tó bá jẹ́ ìpè náà, tirẹ̀ á wọlé, ti ẹni àtijọ́ á sì padà sọ́dọ̀ ẹni tó ni ín. Ẹni tó tà á fún òun, wúyẹ́wúyẹ́ lòun náà fi ń sọ̀rọ̀, ó sì bi òun ní orúkọ, ó sọ ọ́ sínú ihò igun yẹn, kó tó gbà kí òun gbé e lọ. Mọ́ṣádé fi eékún méjèèjì kúnlẹ̀, ó ní kí bàbá ṣàánú, kó wá gbé ẹrù rẹ̀. Bàbá ń mi orí. Oòrùn ti dé àtàrí, òjìji àwọn méjèèjì ti súnkì sábẹ́ ẹsẹ̀ wọn.

Lójijì bàbá di ọ̀fun ara rẹ̀ mú. Ó wúkọ́. Ó tún wúkọ́, èyí tó jinlẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ó la ẹnu.

"Olúwa o!"

Ewúrẹ́ tó sùn sábẹ́ fèrèsé fò dìde. Ohùn náà kún, ó jinlẹ̀, ó dùn. Ohùn tó pe Mọ́ṣádé nínú hẹ́dífóònù ni.

"Ẹ ṣé o," ni bàbá ń wí, omijé ń ṣàn lójú rẹ̀, "ẹ ṣé o, ìyàwó. Mi ò mọ ẹni tó dáhùn nílé yín. Ọlọ́run á bù kún un."

Mọ́ṣádé mọ̀ ọ́n. Kò dúró gbọ́ ìyókù. Fóònù rẹ̀ ń dún nínú báàgì bó ṣe ń sáré wá ọ̀kadà, kò gbé e. Kí ni wọ́n fẹ́ sọ fún un tí kò mọ̀?

Ó bá Bọ̀wálé ní ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé, ó gbé ọmọ lé itan. Tọ̀míwá rí ìyá rẹ̀, ó na ọwọ́, ó la ẹnu gbàgà bí ọmọ tó ń ké tòò. Èémí ló jáde. Ewé gbígbẹ ni.

"Mo ní kí n kàn gbọ́ orin tí a ti gbà sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré," ni Bọ̀wálé wí. Kò lè gbójú sókè. "Ó wọlé wá bá mi. Sípíkà wà ní títàn. Ẹnì kan pè é, ohùn àgbà. Ó kúnlẹ̀, ó ní, 'Sà!' Mọ́ṣádé, inú mi tiẹ̀ dùn sí i."

Kò sí èébú tí Mọ́ṣádé kò bú ọkọ rẹ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ náà. Nígbà tó rẹ̀ ẹ́, ó bú ara rẹ̀. Ta ló kọ́ ọmọ ní ìdajì ẹ̀kọ́ tó sì jókòó lé ìdajì tó kù? Ta ló ní ọ̀rọ̀ ará àtijọ́ ni? Ó gbé ọmọ náà mọ́ àyà títí ilẹ̀ fi ṣú, ọmọ ń sunkún, kò sì sí ariwo kankan nínú ẹkún náà. Ó dun Mọ́ṣádé ju ikú lọ.

Ní ọjọ́ kejì, ọjọ́ ìsinmi, wọn ò lọ ṣọ́ọ̀ṣì. Mọ́ṣádé jókòó ti ọmọ rẹ̀, ó kọ gbogbo orin tó mọ̀ fún un. Ó kọ èyí tí ìyá àgbà ń kọ tó bá ń ro ìkọ́kọrẹ́ lórí iná. Ó pe orúkọ ọmọ náà ní pípé, ó pè é ní àpèjẹ́, ó kì í, ó tún kì í. Bọ̀wálé wá mọ ohun tó fẹ́ ṣe, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún.

"Ìyá Tọ̀míwá, ohùn rẹ ni gbogbo ohun tí a ní."

"Ọmọ mi ni gbogbo ohun tí mo ní," ni Mọ́ṣádé dá a lóhùn.

Nígbà tí oòrùn kan àtàrí, ó wọ yàrá ẹ̀yìnkùlé, ó ti ilẹ̀kùn, ó jókòó sídìí ẹ̀rọ náà. Òórùn ẹnu yẹn wà níbẹ̀. Iná aláwọ̀ ewé ṣẹ́jú.

"Mọ́mì."

Ohùn Tọ̀míwá ni, ohùn rẹ̀ gan-an tó máa ń fi pè é láti ilé ìwẹ̀ tí ọṣẹ bá kó sí i lójú. Mọ́ṣádé kò tilẹ̀ dúró kó pè é lẹ́ẹ̀kejì.

"Hùn-ún, ọmọ mi. Èmi rè é."

Ó ṣe bí ìgbà tí wọ́n fa okùn kan yọ ní ọ̀fun rẹ̀, láìdunni. Ó gbọ́ tí wọ́n pariwo ní ìta: "Mọ́mì! Mọ́mì! Mo ti lè sọ̀rọ̀!" Ó fẹ́ dáhùn. Kò sí ohun tó jáde.

Báyìí ni ó ṣe di pé ìyàwó tíṣà ní Ìjẹ̀bú-Òde kì í jẹ́ kíkí mọ́. Àwọn ará àdúgbò ní àìsàn ọ̀fun ni. Àwọn kan ní ìgbéraga ni, pé rédíò ti gùn ún lórí. Nígbà tí Bọ̀wálé fi ìbínú lọ sí Ayépé, àgádágodo wà lẹ́nu ilẹ̀kùn. Wọ́n ní bàbá ti lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀, pé orin ló ń kọ bó ṣe ń wọ ọkọ̀. Mọ́ṣádé fi ọwọ́ ṣàlàyé fún ọkọ rẹ̀ pé wọn ò gbọdọ̀ ta ẹ̀rọ náà fún ẹnikẹ́ni láyé. Ó fi òwú dí ihò náà, ó fi aṣọ bò ó, ó kọ́ Tọ̀míwá ní ìdajì ẹ̀kọ́ tó kù. Ní ọ̀sán gangan, ohùn dídùn kan á pe "Bọ̀wálé" láti ẹ̀yìnkùlé. Bọ̀wálé á di etí, á sunkún. Kò dáhùn rí. Ṣùgbọ́n Mọ́ṣádé bẹ̀rẹ̀ sí í rí i pé ó ń pẹ́ lórí fóònù, pé tí òun bá dé, á da fóònù náà délẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ọkọ rẹ̀.

Ní ọ̀sán kan, ó wà ní kíṣìnnì, ó ń ro ìkọ́kọrẹ́, nígbà tó gbọ́ ohùn Bọ̀wálé láti ẹ̀yìnkùlé, jẹ́jẹ́:

"Kí lorúkọ rẹ?"

Orógùn bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó sáré débẹ̀. Ọmọbìnrin kan ló dúró níbẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ láti Ijagun, ó fi gèlè kékeré bo orí, ó ń fi ọwọ́ pa igi etí míkísà bí ẹni pa ẹran ọ̀sìn. Wọ́n ti ká aṣọ kúrò. Òwú wà nílẹ̀.

"Mubarakah ni, sà," lọmọ náà ń wí. Ó rí Mọ́ṣádé, ó kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀. "Ẹ káàsán, mọ́mì."

Mọ́ṣádé wo ọkọ rẹ̀. Bọ̀wálé kò wo ojú rẹ̀. Ó ti ń tẹ̀ sí ihò náà. Mọ́ṣádé fò bọ́ sí àárín wọn, ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo ihò náà mọ́lẹ̀, ó ń mi orí, ó ń na ọwọ́ kejì sí ẹnu ọ̀nà, kí ọmọ náà máa lọ, kó sáré. Mubarakah rẹ́rìn-ín, kò yé e. Lábẹ́ àtẹ́lẹwọ́ Mọ́ṣádé, ohun kan ń gbóná, ó ń gbọ̀n.

"Mọ́ṣádé," ni sípíkà wí. "Mọ́ṣádé o!"

Ohùn ara rẹ̀ ni. Ó ti tó ọjọ́ mélòó tó gbọ́ ọ nítòsí bẹ́ẹ̀!

Mubarakah wo ẹ̀yìn, kò rí ẹnì kankan. Ó wo Mọ́ṣádé tí kò dáhùn. Ẹ ṣáà mọ ohun tí ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé máa ń ṣe, tí wọ́n bá ń pe àgbà tí àgbà ò gbọ́.

"Mọ́mì, wọ́n ń pè yín," ló wí. Ó gbé ohùn sókè, ó bá a jẹ́ ìpè náà. "Wọ́n ń bọ̀ o!"

"Má dáhùn!"

Ohùn tó kún yàrá náà rọ̀bọ̀tọ̀, ti Mọ́ṣádé ni, láti ẹnu Mọ́ṣádé. Bó ṣe gbọ́ ọ ló mọ̀ pé ó ti pẹ́ jù.

Bọ̀wálé ṣubú lulẹ̀, ó ń dúpẹ́, ó ń ké bí ọmọdé. Mubarakah la ẹnu láti tọrọ àforíjì. Èémí ni. Ó gbé ọwọ́ lé ọ̀fun, ó tún gbìyànjú, ojú rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà.

Iná aláwọ̀ ewé ṣẹ́jú.

"Mọ́mì," ni ẹ̀rọ náà pè, ní ohùn ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa. "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́."

Mọ́ṣádé mọ ohun tó yẹ kí òun ṣe. Ó ti ṣe é rí, kò sì ronú lẹ́ẹ̀kejì nígbà yẹn. Ṣùgbọ́n ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn. Tọ̀míwá ń kọrin lójú àgbàlá. Mubarakah ń wo Mọ́ṣádé, omi lé ròrò sójú rẹ̀.

"Mọ́mì."

Mọ́ṣádé pa ẹnu rẹ̀ dé.